Ẹnu Balógun ni Kọ́kọ́rọ́

Àwọn àgbà ló sọ pé ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n wọn ò sọ ohun tí ogun àìgbọ́tẹ́lẹ̀ ń ṣe fún ẹni tó gbọ́n àti ẹni tí kò gbọ́n, bóyá torí pé ẹni tó bá bá a pàdé kì í sábà padà wá ròyìn. Ogun tó wọ ìlú olódi yìí lọ́dún tó kọjá, nígbà tí ilẹ̀ ń mọ́ lọ́wọ́, kò fọ́ odi, kò gbẹ́ ihò. Ẹnubodè ló gbà wọlé bí àlejò. Ẹnìkan ló ṣílẹ̀kùn fún un, òní ló sì pé ọdún kan géérégé tí gbogbo ìlú ti ń fi orúkọ ẹni náà ṣépè.

Másùn ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Àwọn jagunjagun ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, torí pé látìgbà tó ti ń ṣọ́ ẹnubodè, kò sí ẹni tó bá a níbi tó ti ń tòògbé rí. Orúkọ iyì ni nígbà náà. Nísinsìnyí, bí ọmọ bá gbàgbé láti ti ilẹ̀kùn tí ewúrẹ́ fi wọlé, ìyá rẹ̀ á ní, "Àbí ìwọ náà fẹ́ di Másùn?" Ayé mà kúkú yára pa ohùn dà.

Ìyàwó Másùn wà láàyè. Oníẹní ni gbogbo ìlú mọ̀ ọ́n sí. Inú yàrá tó fara ti odi ní ẹ̀gbẹ́ ẹnubodè ló ń gbé, ibẹ̀ náà ló ti ń hun ẹní tí àwọn ọmọ ogun ń so mọ́ àárín igi méjì láti fi gbé ẹni tó bá gbọgbẹ́. Ẹní rẹ̀ le, kì í já, ó sì máa ń fi koríko pupa sí etí rẹ̀ yíká, kí wọ́n lè mọ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ òun ni. Ogun ò tíì tán, nítorí náà wọn ò lè ṣe kí wọ́n má gba ẹní lọ́wọ́ rẹ̀. Ìkíni ni wọn ò gbà. Ọmọ ogun á wọlé, á na ọwọ́, á gbé ẹní, á jáde, bí ẹni tó wá mú nǹkan nínú ilé òfìfo.

Ìyẹn ò dùn ún tó ti inú ilé. Ìyá ọkọ rẹ̀, tí wọ́n jọ ń gbé yàrá náà, ti kọ̀ láti fi ara kan ẹní látọjọ́ tí wọ́n ti pa ọmọ rẹ̀. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni Ìyá Àgbà ń sùn, nínú ilé ẹni tí ń hun ẹní.

"Ẹ káàárọ̀, Mà," ni Oníẹní wí láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó kúnlẹ̀. "Ẹ dìde nílẹ̀ tútù yẹn, ẹ jọ̀ọ́. Ẹsẹ̀ yín tún ti wú. Ẹní tuntun rèé, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀ ni."

"Ẹní rẹ ló pa ọmọ mi." Ìyá Àgbà ò tilẹ̀ yíjú. "Tí mo bá sùn lé e, á jẹ́ pé mo ti ní kò burú nìyẹn."

Ọ̀rọ̀ náà ò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa jáde, ó sì dun Oníẹní bí ìgbà àkọ́kọ́, torí pé kì í ṣe irọ́. Lójú ogun ni àwọn ọ̀tá ti rí ẹní rẹ̀ kan he. Wọ́n so ó mọ́ igi, wọ́n tẹ́ ọkùnrin kan lé e, wọ́n da ẹ̀jẹ̀ ẹran sí i lára, wọ́n gbé e wá sẹ́nu ọ̀nà ní ìdájí. Másùn yọjú láti òkè odi, ó béèrè pé ta ni wọ́n gbé. Wọ́n ní Balógun ni. Lóòótọ́ ni Balógun ti jáde lọ sójú ogun láti ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú. Másùn wo ìsàlẹ̀, ó rí koríko pupa tó yí etí ẹní náà ká, ó rí iṣẹ́ ọwọ́ ìyàwó rẹ̀. Oníẹní ti jí lákòókò náà. Etí rẹ̀ ló fi gbọ́ tí ọkọ rẹ̀ kígbe pé, "Ẹ yára! Balógun ni! Mo rí ẹní ilé mi!" Lẹ́yìn náà ló gbọ́ irin ilẹ̀kùn, lẹ́yìn irin, ariwo. Nígbà tí oòrùn fi yọ, gbogbo ẹ̀ṣọ́ ẹnubodè ti kú, ìdajì ọjà ti jóná, àwọn ọ̀tá ti kó ohun tí wọ́n lè kó, wọ́n ti lọ.

Balógun dé ní ọ̀sán, ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Ó wo òkú Másùn lẹ́nu ọ̀nà, ó ní ọ̀dàlẹ̀ ni. Wọ́n sin àwọn yòókù sábẹ́ igi ńlá tó wà láàárín ìlú. Òun, etí ààtàn lẹ́yìn odi ni wọ́n wọ́ ọ lọ, wọ́n fi erùpẹ̀ díẹ̀ bò ó kó má baà rùn. Látọjọ́ náà ni òfin tuntun ti jáde: ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá gbé wá, ilẹ̀kùn ò gbọdọ̀ ṣí àyàfi bí Balógun fúnra rẹ̀ bá dúró níbẹ̀, tó fi ẹnu ara rẹ̀ pe ẹni náà, tó sì ní kí wọ́n ṣí i. Ẹnu Balógun ti wá di kọ́kọ́rọ́.

Oníẹní wọ aṣọ mímọ́ kan ṣoṣo tó kù fún un, ó dì í mọ́ra.

"Níbo lò ń lọ?" ni Ìyá Àgbà béèrè.

"Ilé Balógun, Mà. Òní ni wọ́n máa pe orúkọ àwọn tó kú lọ́dún tó kọjá. Mo fẹ́ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n pe ọmọ yín mọ́ wọn, kí n lè lọ gbé e kúrò létí ààtàn."

"Wọ́n á lé ọ jáde bí ajá."

"Kí wọ́n lé mi, Mà. Ṣé ibi tí mo wà yìí kì í ṣe ìta náà ni?"

Ìyá Àgbà wò ó títí tó fi jáde, ó sì ti pẹ́ tó ti wo ojú rẹ̀ kẹ́yìn.

Gbọ̀ngàn Balógun gùn, ó sì ṣókùnkùn, ọ̀kọ̀ àti asà ló kún ara ògiri. Àwọn ìjòyè ogun ti jókòó yí àwòrán kan ká tí wọ́n fi èédú yà sílẹ̀: odi rèé, ọ̀nà rèé, odò rèé. Etí odò náà ni ọmọ Balógun wà pẹ̀lú ìdajì ọmọ ogun ìlú, ó sì ti tó ọjọ́ mélòó kan tí wọn ò ti gbúròó rẹ̀. Ara Balógun ò balẹ̀, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Ọkùnrin ńlá ni, abẹnugan, ẹni tí wọ́n ń kì ní Àjànàkú tí í fẹsẹ̀ pa iná. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, ṣe ló kàn ń yí òrùka ìka rẹ̀ po.

"Ẹ jẹ́ ká pe òkú wa nínú ọgbà níbí," ni Ọ̀tún Balógun ń wí. Ọkùnrin gbígbẹ kan ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ a máa jáde bí ẹni ń tutọ́. "Olè tó jí ewúrẹ́ tí wọn ò mú, agbo yẹn náà ló ń padà sí. Ọdún pé lónìí, àwọn náà mọ ọjọ́ kà. Tí gbogbo wa bá kóra jọ sẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n bá tún dé ńkọ́?"

"Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, a ti gbọ́," ni Balógun fèsì. "Ṣùgbọ́n ẹnubodè ni wọ́n ti pa wọ́n, ibẹ̀ náà la ó ti pè wọ́n. Èmi ò ní lúgọ nínú ìlú tèmi. Ẹ fi tafàtafà sórí odi, kí Tìípa má sì fọwọ́ kan irin."

Tìípa ni aṣọ́bodè tuntun. Ẹ̀yin náà lè mọ bó ṣe jẹ́ orúkọ náà. Ẹni tí ejò bá bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, á bẹ́. Ìlú ti wá ẹni tó máa ti gbogbo nǹkan pa, wọ́n sì ti rí i.

Oníẹní kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn. "Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin bàbá."

Akéde, tó ń ka orúkọ àwọn òkú sínú ara rẹ̀ ní igun kan, gbójú sílẹ̀.

"Ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀," ló wí. "Ẹ jẹ́ kí Akéde pe ọkọ mi mọ́ àwọn yòókù. Ẹnu iṣẹ́ yín ló kú sí. Ẹ jẹ́ kí n lọ kó eegun rẹ̀ wálé. Mi ò béèrè nǹkan míì."

Ọ̀tún rẹ́rìn-ín. "Ẹ gbọ́ ọ! Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́. Ọkọ tìẹ lẹnu ògiri wa. Ká wá máa kí ẹnu kú iṣẹ́?"

"Ọkọ mi ò dédé lanu, bàbá. Wọ́n ní kó lanu ni."

"Ta ló ní kó lanu?"

Ó wo Balógun. Balógun wo òrùka rẹ̀.

Oníẹní tún rí ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú ogun náà bí ẹni pé àná ni. Àbúrò Balógun, tí wọ́n jọ mu ọmú kan náà, kú sórí ẹní níta ẹnubodè, torí pé Másùn ń bi àwọn tó gbé e léèrè bó ti yẹ, ẹ̀jẹ̀ sì tán lára rẹ̀ kí ìbéèrè tó tán. Lọ́jọ́ kejì, Balógun já wọ yàrá wọn, ó di Másùn láyà mú, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Láti òní lọ, ẹni tó bá gbé ẹni tó gbọgbẹ́ wá, kọ́kọ́ ṣí i fún un. Lẹ́yìn náà ni kó o bi í. Ṣé o gbọ́?" Ẹ̀yìn aṣọ títa ni Oníẹní wà, ó ń rẹ koríko sómi. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn fún ìgbà pípẹ́. Ìlú rí i pé ẹni tí wọ́n bá gbé ń wọlé láìsí ìbéèrè, wọ́n ní Másùn mà láàánú. Àwọn ọ̀tá tó ń ṣọ́ wọn láti inú igbó rí i pẹ̀lú, àwọn ò sọ nǹkan kan.

"Ẹ̀yin lẹ ní kó ṣí i, Balógun," ni Oníẹní wí. Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. "Nínú yàrá wa. Mo wà níbẹ̀."

Balógun dìde, ó fa ọ̀kọ̀ rẹ̀ yọ lára ògiri, ó fi ahọ́n kan irin rẹ̀.

"Bí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bá ti ẹnu mi jáde rí," ló wí, "kí irin yìí má mọ̀ mí lójú ogun. Kó kọjú ìjà sí mi lọ́wọ́ ara mi."

"Àṣẹ," ni àwọn ìjòyè dáhùn.

Obìnrin kan ṣoṣo lẹ́yìn aṣọ títa, kí ni ẹ̀rí rẹ̀ jámọ́ níwájú ọkùnrin tó fi ahọ́n kan irin? Oníẹní kàn rí i pé nígbà tí Balógun ń búra, irin ló ń wò, kò wo òun. Inú bí i débi pé ẹ̀rù tó ń bà á kúrò.

"Bí mo bá tún gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu rẹ níta," ni Balógun wí, "ìwọ àti ìyá ọkọ rẹ ẹ ó bá òkú yín lọ sí ẹ̀yìn odi. Jáde."

Nígbà tí oòrùn rọ̀ díẹ̀, ìlú péjọ sẹ́nu ọ̀nà. Oníẹní àti Ìyá Àgbà dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá wọn, àwọn èèyàn sì fi àyè sílẹ̀ yí wọn ká bí ìgbà tí èèyàn bá fàyè sílẹ̀ fún alárùn. Akéde gun orí òkúta. Ẹ má wò ó pé ó rí pẹ́lẹ́bẹ́, ohùn tó ní tó ìlú méjì.

"Ẹ̀rù-ò-bodò! Ọkùnrin tó gba ọfà láyà tí kò fẹ̀yìn han ọ̀tá!"

"A ò gbàgbé rẹ!" ni ìlú dáhùn.

"Alágbẹ̀dẹ Òkè! Idà tán lágbàlá ẹ̀, ó fi òòlù jà!"

"A ò gbàgbé rẹ!"

"Ìyá Aláró! Ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ ọlọ́mọ, òun fúnra ẹ̀ dúró síta!"

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè wọ́n, ẹkún ń sọ níhìn-ín, ẹkún ń sọ lọ́hùn-ún. Ìyá Àgbà ń mi ètè rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń retí pé èyí tó kàn ni. Nígbà tó yá, Akéde dákẹ́. Ó wo ọ̀kánkán Ìyá Àgbà, ó gbójú kúrò. "Ó parí," ló wí.

"Kò parí o!" ni ẹnìkan pariwo láàárín èrò. "Ó ku ọ̀dàlẹ̀! Ẹ ki oríkì ẹ̀ fún wa ká gbọ́!"

Ẹ̀rín sọ. Ògúlùtu kan fò wá, ó fọ́ mọ́ ilẹ̀kùn yàrá náà, erùpẹ̀ gbígbẹ rẹ̀ sì ta sí Ìyá Àgbà lójú. Màmá náà fi etí aṣọ rẹ̀ nù ún. Oníẹní ìbá rìn wọ àárín wọn, kó fi èékánná ya ẹnìkan, tí kì í bá ṣe pé ìyá àgbàlagbà náà di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí igbe fi sọ lẹ́yìn odi.

"Ẹ ṣílẹ̀kùn! Ará ilé ni wá o! Láti odò! Ẹ gbà wá, ẹ̀jẹ̀ ń tán lára ẹ̀!"

Kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, àwọn ìyá ti ń fa ọmọ wọn lápá, èrò ti ń tì sẹ́yìn, ẹni tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan ló ń wá ibi sá sí. Tìípa nìkan ni kò mira. "Ta lẹ gbé?" ló béèrè látòkè.

"Ẹ kọ́kọ́ ṣí i ná! Ó ń kú lọ!"

"Ọgbọ́n ọdún tó kọjá náà nìyẹn!" ni Ọ̀tún ké. "Mi ò sọ fún yín? Ẹ ta wọ́n lọ́fà!"

"Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ta nǹkan," ni Balógun wí. Ó gbójú lé ihò tó wà lára ilẹ̀kùn. Oníẹní wo tiẹ̀ láti fèrèsé kékeré tó wà lára odi. Ọkùnrin méjì ló rí, tí wọ́n gbé ẹnìkan sáàárín, wọ́n ti bò ó lójú. Koríko pupa yí etí ẹní náà ká. Ẹní òun ni, kò sì túmọ̀ sí nǹkan kan. Ẹní kì í búra, ẹni tó bá ṣáà ti gbé e ló ń bá lọ.

"Ẹ gbé e kalẹ̀," ni Balógun pàṣẹ, "kí ẹ sì padà sẹ́yìn."

"Bí a bá gbé e kalẹ̀, ó tán nìyẹn! Ẹ̀jẹ̀ ò yé dà!"

Gbogbo ìlú ń wo ẹnu Balógun. Kí n má purọ́ fún yín, inú Oníẹní dùn níṣẹ́jú yẹn. Kí ó dúró níbẹ̀, ló wí nínú ara rẹ̀. Kí òun náà mọ bó ṣe máa ń rí, kí ẹnu èèyàn kan ṣoṣo jẹ́ ilẹ̀kùn, kí ẹlòmíì máa kú níta. Ó ronú kan ẹni tó wà lórí ẹní, ojú sì tì í, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ò yé dùn.

Ni ohùn náà bá tún ké, ó ti ń ha: "Ọmọ yín ni, Balógun! Ọmọ yín la gbé! Ẹ wo ẹ̀wù ẹ̀!"

Balógun tún fojú sí ihò náà, ó wá wò ó dáadáa: ẹ̀wù pupa ni wọ́n fi bo ẹni náà láti orí dé orúnkún. Kò sí ẹni tí kò mọ ẹ̀wù náà. Balógun fúnra rẹ̀ ló wọ̀ ọ́ fún ọmọ náà lọ́jọ́ tó ń lọ sójú ogun.

"Ọmọ mi ni!" ni Balógun ké. "Ẹ ṣí i!"

"Bàbá," ni Tìípa wí, "ẹ ò tíì rí ojú ẹ̀."

"Mo ní ọmọ mi ni! Ta lò ń bá jiyàn? Ṣí i!"

Tìípa fa irin. Ilẹ̀kùn ké, ó ṣí, àwọn ọmọ ogun tò sójú ọ̀nà pẹ̀lú ọ̀kọ̀. Àwọn méjèèjì wọlé, kò sẹ́ni tó tẹ̀ lé wọn. Wọ́n tún ti ilẹ̀kùn. Balógun sáré bá wọn, ó ṣí ẹ̀wù náà lójú ẹni tí wọ́n gbé.

Ọkùnrin kan tó ti ń hewú ló sùn síbẹ̀, ó ń kérora. Alárù ni, irú àwọn tí ń ru ọfà tẹ̀ lé ọmọ ogun, tí kò sẹ́ni tó ń bi wọ́n pé báwo ni. Ìyàwó rẹ̀ já jáde láàárín èrò, ó ń ké, ó wólẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ọmọ mi dà?" Ohùn Balógun ti di ohùn ẹlòmíì.

"Ó wà létí odò, ara ẹ̀ le koko," ni ẹni tó gbé iwájú dáhùn. Ó ń mí hẹlẹ. "Òun ló bọ́ ẹ̀wù fún wa."

"Ẹ purọ́ fún mi! Lójú gbogbo ìlú!"

"Òun ló ní ká pa irọ́ náà, bàbá. Ó ní bí a bá sọ pé alárù ni, ibi tí a máa kú sí nìyẹn. Ó ní ẹnu yín ò ní ṣí fún ẹlòmíì."

Wọ́n gbé alárù náà lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn, ìyàwó rẹ̀ ń sáré tẹ̀ lé e. Àwọn tó kù ò mọ ibi tí wọ́n máa gbójú sí. Oníẹní wá rìn jáde lẹ́nu yàrá rẹ̀, ó rìn títí ó fi dúró níwájú Balógun. Kò kúnlẹ̀.

"Balógun, ta ni wọ́n ní àwọn gbé lọ́dún tó kọjá?"

"Ẹ mú obìnrin yìí!" ni Ọ̀tún wí. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kankan ò kúrò nílẹ̀.

"Ẹ̀yin ni wọ́n ní àwọn gbé," ló ń bá a lọ, ohùn rẹ̀ ò sì gbọ̀n mọ́. "Ọkọ mi gbọ́ pé ẹ̀yin lẹ̀jẹ̀ ń dà lára yín, ó ṣí i. Ẹ̀yin náà gbọ́ pé ọmọ yín ni, ẹ ṣí i. Òun rí ẹní, ẹ̀yin rí ẹ̀wù. Kí ni ìyàtọ̀? Orí ló kó yín yọ. Ká ní àwọn ọ̀tá ló bọ́ ẹ̀wù yẹn lọ́rùn ọmọ yín ńkọ́, ta ni à bá máa wọ́ lọ sí ààtàn nísinsìnyí?"

"Dákẹ́," ni Balógun wí.

"Mo máa dákẹ́. Ẹ búra lẹ́ẹ̀kan sí i, kí gbogbo wọn gbọ́, mo máa dákẹ́. Ọ̀kọ̀ rèé lọ́wọ́ yín. Ẹ tún ní ẹ ò sọ fún un pé kó kọ́kọ́ ṣí i, kó tó béèrè. Tí ẹ bá ti búra tán, kí wọ́n lé èmi àti Ìyá Àgbà jáde, mi ò ní janpata."

Balógun gbé ọ̀kọ̀ sókè. Gbogbo ojú tẹ̀ lé e. Ó gbé e dé ọ̀kánkán àyà rẹ̀, ó dúró níbẹ̀. Ọmọ rẹ̀ wà létí odò, òun náà sì máa tó lọ bá a jà níbẹ̀. Ẹni tó bá ti fi ẹnu kan irin lórí irọ́ lẹ́ẹ̀kan, tó sì fẹ́ máa mú irin náà lọ sójú ogun, bó bá gbọ́n, kì í ṣe é lẹ́ẹ̀kejì. Ó sọ ọ̀kọ̀ náà kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Ẹ lọ gbé e," ló wí.

"Gbé ta ni, bàbá?" ni Oníẹní béèrè.

Balógun kẹ̀yìn sí i. Ẹyin lohùn, kò fẹ́ kó já bọ́ lọ́wọ́ òun lójú èrò.

Oníẹní ń wá ohun tó máa tún sọ, nígbà tí nǹkan kan fara kàn án lápá. Ìyá Àgbà ni. Ó ti wọ yàrá lọ, ó sì ti jáde. Ẹní tuntun tí ìyàwó ọmọ rẹ̀ hun láàárọ̀ ló gbé sáyà.

"Ìyàwó mi," ló wí, ọ̀rọ̀ tí kò ti ẹnu rẹ̀ jáde látọdún kan, "di etí kan mú."

Tìípa ṣílẹ̀kùn fún wọn, torí ìjáde ò ní òfin. Ẹni tó gbé iwájú alárù náà mú ọkọ́ kan lágbàlá, ó tẹ̀ lé wọn láìjẹ́ pé wọ́n bẹ̀ ẹ́. Etí ààtàn ò jìnnà, erùpẹ̀ tí wọ́n fi bò ó ò sì jìn. Ìgbànú awọ tí Oníẹní fúnra rẹ̀ rán ló fi mọ̀ ọ́n. Ìyá Àgbà ló kó orí rẹ̀, ó fi etí aṣọ nu erùpẹ̀ ojú rẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn bá ń nu ọmọ tó ṣubú, ó ń bú u jẹ́jẹ́ pé kí ló dé tó fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Oníẹní sunkún níbẹ̀, ó sun ún tó, nígbà tó tán, ó nu ojú rẹ̀ nù.

Nígbà tí wọ́n fi gbé e padà dé, oòrùn ti ń wọ̀, ilẹ̀kùn sì ti wà ní títì pa. Tìípa yọjú lókè odi. Ó rí wọn dáadáa, ó mọ ibi tí wọ́n ti ń bọ̀, ṣùgbọ́n òfin lòfin.

"Ta lẹ gbé?" ló béèrè.

Ìyá Àgbà lanu láti fèsì. Oníẹní fọwọ́ kàn án.

"Òfin ò gba ẹnu tiwa, Mà," ló wí. Ó gbójú sókè. "Ẹ bi Balógun."

Tìípa yíjú sínú ìlú. "Balógun, wọ́n gbé ẹnìkan wá. Ẹ fẹnu yín pè é, kí n lè ṣí i."

Wọn ò gbọ́ ohùn kankan. Wọ́n mọ̀ pé gbogbo ìlú ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn, torí pé wọ́n ń gbọ́ ikọ́ ọmọdé kan. Ẹní náà fúyẹ́ lọ́wọ́ wọn, bí ẹni pé kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n apá Oníẹní ń ro ó. Ó rò pé bí ọkùnrin yìí bá kọ̀, ibí yìí ni àwọn máa dúró sí títí ilẹ̀ á fi mọ́, àti lẹ́yìn ìyẹn náà.

"Másùn ni," ni ohùn kan wí lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

"Mi ò gbọ́ o, bàbá," ni Tìípa wí, ẹni tí etí rẹ̀ ń gbọ́ ìró eku lórí odi.

"Másùn ni!" Ohùn Balógun là gedegbe dé etí ààtàn. "Aṣọ́bodè mi ni. Èmi ni mo ní kó máa ṣí i kó tó béèrè. Ẹ ṣí i fún un!"

Irin há díẹ̀, ó sì yọ. Ìyá Àgbà ò dúró kí ilẹ̀kùn ṣí tán. Ó gba àlàfo tó kọ́kọ́ yọ wọlé, ó di etí ẹní mú ṣinṣin, ó ní kí wọ́n yà fún ọmọ òun.